Ọjọ́ Tí Bàbá Alágbàfọ̀ Wẹ Ẹfun

Ogójì ọdún ni Bàbá Alágbàfọ̀ fi fọ aṣọ aláṣọ kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì hunjọ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọwọ́ kúrò nínú omi. Ohun méjì ni kò lè fara dà láyé: ìdọ̀tí, àti ẹni tó bá ní ìdọ̀tí ọ̀hún kò pọ̀. Tó bá lọ kí ọmọbìnrin rẹ̀ nílé ọkọ, kí wọ́n tó gbé omi fún un ni ojú rẹ̀ yóò ti dé ara kọ́tìnnì. Ọmọ náà á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò ni yín lónìí, ẹ má wo kọ́tìnnì mi." Á dáhùn pé òun kò wo nǹkan kan, pé ojú òun ló dá ara rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bàbá Alágbàfọ̀ ti pẹ́ lára ọṣẹ ju ewé èyíkéyìí lọ. Mi ò bú u o. Ìmọ́tótó yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, òun ló fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó yẹn náà ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó sì yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́ kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ilé dákẹ́ jù fún un. Ní òpópónà kejì sí tiwọn, ilé gígùn kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ológbò aláìnílé: àwọn tí ẹni tó ni wọ́n ti kú, àwọn tí ará ilé wọn kó lọ sí ìlú mìíràn tí wọn kò mú wọn dání, àwọn tí wọ́n rí he nínú gọ́tà. Obìnrin sísanra kan tó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, Ìyá Ilé sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ń wá ẹni tí yóò máa fọ tọ́wẹ́lì àti àwọn aṣọ táwọn ológbò ń sùn lé. Bàbá Alágbàfọ̀ ní ó sàn kí òun fọ aṣọ ológbò ju kí òun máa wo ògiri lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, òórùn ìtọ̀ ológbò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, imú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí òun alára tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Kí oṣù tó parí, àwọn tọ́wẹ́lì tó ti pọ́n bíi tíì ti padà funfun, ilẹ̀ ilé sì mọ́ débi pé Ìyá Ilé ń bọ́ bàtà kó tó wọnú ilé ara rẹ̀.

Ìgbà tí tọ́wẹ́lì mọ́ tán ló tó ráyè wo àwọn tó ń sùn lé e. Ó ti rò pé ológbò kì í mọ ẹnì kejì, pé oníkálukú ń ṣe tiẹ̀ ni. Irọ́ ni. Nínú yàrá ńlá, níbi tí nǹkan bí ogún ológbò ń gbé pọ̀, ètò wọn ju ti ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ lọ. Akọ dúdú kan tó ní ojú kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alága. Òun ló ni fèrèsé láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti kúrò níbẹ̀, á na ara rẹ̀, á rọra sọ̀ kalẹ̀, abo sísanra kan tí wọ́n ń pè ní Lándìlédì á wá gorí ibẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í lu aago fún wọn, wọn kò sì jà nítorí ẹ̀ rí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á na ìrù sókè gbọnrangandan, wọ́n á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ara wọn. Ìkíni nìyẹn. Àwọn mìíràn kì í kí ara wọn rárá, wọ́n á kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kọjá bí ayálégbé méjì tó ti jà nídìí ẹ̀rọ omi.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹranko máa ń wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Òun ló kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùsùn wọn.

"Ẹ má kó tọ́wẹ́lì wọn pọ̀ sójú kan, Bàbá. Àwọn tó fẹ́ràn ara wọn á sùn kanra wọn. Àwọn tó kàn ń fara da ara wọn, ẹ fi àyè bí ìgbọ̀nwọ́ kan sáàárín wọn. Tí wọn ò bá ti rí àyè yẹn, ogun dé nìyẹn."

"Bí àwọn àna mi ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́," ni Bàbá wí. "Àyè ìgbọ̀nwọ́ kan kọ́ ni tiwọn ṣá, odindi òpópónà ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tẹ́ tọ́wẹ́lì bí ìjà wọn àti ìfẹ́ wọn bá ṣe rí. Ó mọ ẹni tó ń bínú sí ta. Ó mọ ẹni tó kàn ń fẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní kò mọ orúkọ gbogbo ọmọ òun, ṣùgbọ́n ó lè ka ìbátan ológbò mọ́kànlélógún láìmí.

Nínú yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ilé ni Ẹfun àti Eérú ń gbé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Tíṣà àgbà kan tó ń dá gbé ló tọ́ wọn dàgbà. Òun ló sọ abo ní Ẹfun nítorí pé ó funfun bí ẹfun ìkọ̀wé, ó sì sọ akọ ní Eérú nítorí àwọ̀ tiẹ̀. Tíṣà kú sórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aládùúgbò rẹ̀ sì kó àwọn méjèèjì wá nínú agbọ̀n kan ṣoṣo. Wọ́n wọ ara wọn débi pé tí wọ́n bá ń sùn, èèyàn kò ní mọ ẹsẹ̀ ta ni ti ta. Bí Ẹfun ṣe ń dàgbà, kò lè tẹ ọrùn dé ẹ̀yìn mọ́ láti lá ara rẹ̀, Eérú ló ń bá a lá a láràárọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti etí.

Ilé náà ní àṣà kan. Àwọn tí ìfẹ́ wọn bá dé irú ibẹ̀ yẹn, Ìyá Ilé á lẹ káàdì aláwọ̀ ewé mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn: ÀWA MÉJÌ NI. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá sí yàrá mìíràn. Káàdì ọ̀hún ń dáàbò bò wọ́n lóòótọ́, ó sì tún ń sé wọn mọ́lé, nítorí ta ló fẹ́ ológbò àgbà méjì? Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn á wá, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ka káàdì, wọ́n á ní "Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe dára tó," wọ́n á sì lọ mú ọmọ ológbò.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Bàbá ń gbẹ̀yìn iṣẹ́ sí. Á gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ lọ síbẹ̀, á jókòó sílẹ̀, á máa wo Eérú bó ṣe ń lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀, ta ló mọ èyí tó ṣáájú nínú wọn. Ó sọ fún Dókítà lọ́jọ́ kan pé ibẹ̀ nìkan ni ara ti ń tu òun láyé yìí, ó sì yára bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ kí ọmọdébìnrin náà má bàa fèsì.

Nígbà tó yá ni nọ́ọ̀sì kan dé. Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun pátá. Kò dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àwọn yòókù. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Eérú wá gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, Ẹfun lọ dùbúlẹ̀ lórí báàgì rẹ̀ láìtọrọ àyè.

"Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́," ó wí fún Ìyá Ilé. "Èmi náà ń dá gbé látọjọ́ yìí, mo mọ bó ṣe ń rí."

Ó ṣàlàyé pé òun ń kó lọ bá ọmọkùnrin òun nílùú rẹ̀ tó jìnnà. Yàrá kan ni ọmọ náà àti ìyàwó rẹ̀ ti tún ṣe sílẹ̀ fún òun, wọ́n sì ti gbà pé kí òun mú ológbò dání bí wọn kò bá ní í da ilé rú. Ọmọ náà yóò fi mọ́tò wá kó òun ní àárọ̀ Sátidé. Àwọn á yà níbẹ̀, àwọn á gbé ológbò, àwọn á máa lọ. Ìyá Ilé di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì mú fún ìgbà pípẹ́. Inú Bàbá Alágbàfọ̀ dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èyí tó yẹ kó fi hàn nínú méjèèjì.

Ní ọ̀sán Fráìdè, ó ṣàkíyèsí ẹ̀yìn Ẹfun. Ó ti lọ fara nu ìdè ilẹ̀kùn tí wọ́n fi gíríìsì sí, ìlà dúdú kan gùn láti èjìká rẹ̀ dé ìdí. Irun ikùn rẹ̀ náà ti pọ́n díẹ̀. Ní gbogbo ogójì ọdún, Bàbá kò jẹ́ kí aṣọ oníbàárà kan jáde kúrò lọ́wọ́ òun pẹ̀lú àbààwọ́n rí. Ṣé Ẹfun tó ń lọ ilé tuntun lọ́la ni yóò wá jáde báyìí? Dókítà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ológbò kan bá nílò ìwẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bi òun. Bàbá kò bi í. Omi àti ọṣẹ ṣáà ni, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun nípa omi àti ọṣẹ?

Ó gbé Ẹfun lọ sí yàrá ìfọṣọ. Ó po omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọṣẹ tirẹ̀ ló mú wá láti ilé, èyí tó ń ta sánsán bí òdòdó, tí kì í fi fọ nǹkan kan àfi aṣọ àwọn oníbàárà pàtàkì. Ẹfun ké díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fara balẹ̀ fún un, nítorí ó fọkàn tán an. Ó fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi áyọ́ọ̀nù mú tọ́wẹ́lì gbóná kó tó wé e mọ́ ọn, kí òtútù má bàa mú un. Nígbà tí irun rẹ̀ gbẹ, ó funfun débi pé Bàbá dúró ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: iṣẹ́ náà dára. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, ẹni tó ni ín á dúpẹ́ títí.

Nínú yàrá ìpẹ̀kun, Eérú ti ń ké láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ẹfun jáde. Ìdí ilẹ̀kùn ló wà tí Bàbá fi ṣí i. Bàbá gbé Ẹfun kalẹ̀, ó ní, "Ó yá, wá wo ìyàwó tuntun."

Ẹfun na ìrù sókè, ó ń lọ bá a. Eérú náà bọ́ síwájú, ó na imú sí i. Ó dúró. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde gbogbo, ìrù rẹ̀ wú, ohùn kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Bàbá kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Ẹfun rò pé eré ni. Ó tún sún mọ́ ọn láti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù ún. Eérú gbá a lójú, ó fò mọ́ ọn, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri nílẹ̀. Nígbà tí Bàbá fi máa ti ọwọ́ bọ àárín wọn, etí Ẹfun ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹfun sá sábẹ́ pẹpẹ, ó tọ̀ sára níbẹ̀.

Eérú padà sídìí ilẹ̀kùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ igbe rẹ̀. Ẹfun ló ń ké pè. Ẹfun sì wà lábẹ́ pẹpẹ níbẹ̀, kò ju apá méjì lọ sí i, ó ń gbọ̀n.

Dókítà sáré dé. Kò tíì fọwọ́ kan Ẹfun tó fi mí sínú lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú sókè.

"Bàbá, kí lẹ fi wẹ̀ ẹ́?"

"Ọṣẹ ni. Ọṣẹ gidi ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó jókòó sílẹ̀. Kò pariwo mọ́ ọn. Ìbá sàn fún Bàbá ká ní ó pariwo. "Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ara wọn, Bàbá. Imú ni. Gbogbo lílá tí wọ́n ń lá ara wọn yẹn, gbogbo ìfarakanra yẹn, òórùn kan náà ni wọ́n ń pò pọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ohun tí ẹ fọ̀ kúrò nìyẹn. Lójú Eérú, àlejò ló wọlé tọ̀ ọ́ wá."

"Ìgbà wo ni yóò padà?"

"Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba oṣù kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jà. Nígbà míì òórùn á padà, ẹ̀rù ò ní lọ."

"Ọ̀la ni Nọ́ọ̀sì ń bọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà bó ṣe ń relé, ṣùgbọ́n òwe kì í wo ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni sàn. Nígbà tó dé ilé, kò tan tẹlifíṣọ̀n. Ó jókòó ti àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀. Ohun kan wà tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ kankan rí. Ní ọ̀sẹ̀ tí obìnrin náà kú, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ni ó bá kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde, ó fọ̀ wọ́n, ó fi sítáàṣì sí wọn, ó lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sínú àpótí. Gbogbo ẹbí ló yìn ín. Nígbà tí oṣù kan kọjá, tí àárò mú un gidigidi, ó ṣí àpótí náà, ó ki orí bọ ibẹ̀. Ọṣẹ nìkan ló gbóòórùn. Ó tú gbogbo rẹ̀, láti orí ìborùn dé orí aṣọ àwọ̀sùn, ó ń wá ẹyọ kan tó fò dá nígbà tó ń fọ̀ wọ́n. Kò rí ìkankan, nítorí òun kì í fo aṣọ dá.

Ní Sátidé, ó ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Òun àti Dókítà mú tọ́wẹ́lì Eérú, wọ́n fi nu Ẹfun láti orí dé ìrù. Wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí ara wọn láti àlàfo ilẹ̀kùn. Eérú ṣe bí ẹni fẹ́ gbóòórùn, lẹ́yìn náà ìrù rẹ̀ wú. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún gbìyànjú. Ní ìgbà kẹta, Ẹfun gan-an ló kọ́kọ́ pariwo.

Aago mẹ́sàn-án ni Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú agbọ̀n ńlá kan tó ti tẹ́ aṣọ sí. Ìyá Ilé sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Bàbá Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú.

"Èmi ni mo ṣe é, Mà. Wọn kì í jà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú àwọn méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n á tún mọ ara wọn."

"Ibo ni mo fẹ́ fi wọ́n sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Bàbá?" ni Nọ́ọ̀sì wí, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. "Yàrá kan ni wọ́n fún mi. Ìyàwó ọmọ mi ti sọ pé òun ò fẹ́ ariwo. Ilé onílé ni mò ń lọ."

Ọmọkùnrin rẹ̀ tó dúró nídìí mọ́tò wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ọ̀nà ló jìn. Ìyá Ilé bá Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpẹ̀kun, ó já káàdì aláwọ̀ ewé. Ó ní kí ẹnì kan rílé sàn ju kí ẹnikẹ́ni má rílé lọ. Ta ló lè bá a jiyàn? Nọ́ọ̀sì gbé Ẹfun lé itan, Ẹfun sì fi orí pamọ́ sínú àwọ̀lékè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yíyàn náà ṣe parí.

Bó ṣe ń gbé e sínú agbọ̀n, Nọ́ọ̀sì gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín omijé. "Ó mà ń ta sánsán o," ó wí.

Bàbá bá wọn gbé agbọ̀n dé inú mọ́tò.

Ọjọ́ méjì ni Eérú kò fi jẹun. Kò sinmi igbe, àfi tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá ń to àwọn aṣọ ìfọ̀ nígbà tó rí tọ́wẹ́lì kan nísàlẹ̀ agbọ̀n, èyí tí Ẹfun sùn lé ní Ọjọ́bọ̀, tí ìfọ̀ kò tíì kàn. Irun funfun ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e lọ sí yàrá ìpẹ̀kun, ó tẹ́ ẹ. Eérú ki imú bọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tó ń tẹ ọmú ìyá rẹ̀, ó ká ara rẹ̀ sórí rẹ̀, ó sùn. Nígbà tó jí, ó jẹun. Bàbá Alágbàfọ̀ sunkún lọ́jọ́ náà, ó fi tọ́wẹ́lì mímọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láti ìgbà náà lọ, aṣọ kan wà nínú ilé yẹn tí alágbàfọ̀ kì í fọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní àgbà ti ń yí ìwà padà, pé tó bá yá á máa wá sí iṣẹ́ láìlọ ṣẹ́ẹ̀tì. Bàbá rọ Ìyá Ilé pé kó pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù, bóyá wọ́n lè wá mú Eérú báyìí tí òórùn Ẹfun ti tún bá a lára mu. Nọ́ọ̀sì ní ara Ẹfun dá, pé etí rẹ̀ ti jinná. Ní ti ẹnì kejì, ìyàwó ọmọ òun ti sọ pé ọ̀kan yìí gan-an ti tó. Lẹ́yìn náà ó béèrè fún Bàbá.

"Bàbá, kí ló dé tí kì í jẹun bí mo bá gbé oúnjẹ fún un? Á dúró ti àwo, á máa wẹ̀yìn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fẹnu kàn án."

Bàbá mọ ohun tí Ẹfun ń dúró dè. Ọdún mẹ́tàlá ni àwọn méjèèjì fi jẹun pa pọ̀. "Ó ti darúgbó ni, Mà," ló sọ. "Ẹ ṣáà máa ní sùúrù fún un."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, làpálàpá wọ yàrá ńlá. Alága ló kọ́kọ́ mú, ó ran Lándìlédì, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti dé ọ̀dọ̀ ológbò mẹ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà sì ń họ apá. Dókítà kó gbogbo wọn jọ. Ó ní gbogbo aṣọ, gbogbo tọ́wẹ́lì, gbogbo ẹní ni kí wọ́n sè nínú omi tó ń hó lónìí, kí wọ́n tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Yàrá ìpẹ̀kun náà?" Bàbá béèrè.

Dókítà kò wo ojú rẹ̀. "Yàrá ìpẹ̀kun náà, Bàbá. Mo ti rí i létí Eérú láàárọ̀."

"Ṣé a ò lè di tọ́wẹ́lì yẹn sínú ọ̀rá, ká gbé e pamọ́ títí làpálàpá yóò fi lọ?"

"Àrùn náà á máa dúró dè é nínú ọ̀rá yẹn ni. Eérú ti darúgbó. Tó bá bò ó lára, mi ò lè dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ṣe tibẹ̀ yẹn."

"Rárá," ni Bàbá wí. "Iṣẹ́ mi ni."

Ó dúró kí Eérú dìde lọ mu omi kó tó fa tọ́wẹ́lì náà yọ. Nínú yàrá ìfọṣọ, ó gbé tọ́wẹ́lì náà sí imú fún ìgbà pípẹ́. Ológbò nìkan ló gbóòórùn, kò sí bí imú ènìyàn ṣe lè mọ Ẹfun yàtọ̀ níbẹ̀. Ó rò ó wò bóyá òun lè gbé e sápá kan kí òun purọ́ pé òun ti fọ̀ ọ́. Ó ronú nípa etí Eérú. Ó jù ú sínú omi híhó, ó fi igi tì í wọlẹ̀. Kò fi ọṣẹ olóòórùn sí i, bí ẹni pé ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́. Omi náà di aláwọ̀ eérú, irun funfun díẹ̀ léfòó. Ó ṣà wọ́n, ó wò wọ́n lọ́wọ́, kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe, ó dà wọ́n nù.

Ìrọ̀lẹ́ ló ká a kúrò lórí okùn, ó ti gbẹ, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nítorí oòrùn. Ó tẹ́ ẹ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Eérú dìde, ó yára wá. Ó gbóòórùn igun kan. Ó gbóòórùn igun kejì, ó lọ sí ìkẹta, ó lọ sí ìkẹrin, ó dúró láàárín rẹ̀, ó tún padà sí igun àkọ́kọ́ bí ẹni pé òun ló ṣe é tì. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo Bàbá Alágbàfọ̀, ó ké lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe igbe ìbínú. Igbe ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó máa ń fún un ní nǹkan ni.

Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ sí i. Ó ní, "Mi ò ní in lọ́wọ́. Mo ti fọ̀ ọ́."